Ẹ̀rí Ikú fún Yétúndé

Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ, Ọláìtán gbé e lọ sí ọ́fíìsì orúkọ ní Ìkìrun, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Bàbá Ọláìtán tẹ̀lé wọn. Yétúndé ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ń jẹ́ Yétúndé mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ọ́fíìsì náà rí àkọsílẹ̀ ikú ìyá àgbà ọmọ náà, ìyẹn ìyá Ọláìtán.

Ẹ̀rọ tú ìwé ilé ìwòsàn, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti itẹ́ òkú.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "A ò rí ikú wọn. Wọ́n wà láàyè ní Ṣakí."

Ọláìtán yíjú sí bàbá rẹ̀, ẹni tó sọ fún un láti kékeré pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú.

"Bàbá, ta ni mo wá ń sunkún rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Bàbá ń tún aṣọ ọmọ ṣe, kò gbójú sókè. "Ó kọ̀ wá sílẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ fún ọ?"

"Ẹ dúró díẹ̀, sà," ni ẹ̀rọ wí. "Òfin ní ká bi ìyá yín bóyá wọ́n gbà."

Ọláìtán kàn rí i pé òun ń tún fìlà òun dé, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wò.

"Wọ́n ti fèsì. Wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ ní Yétúndé, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti kú."