Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Sọ

Ṣé Bu Sumarsih, ìyá ọkọ Tiurma, gbọ́ ìró ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí Tiurma jáde láì dágbére fún un? Títí di òní olónìí, Tiurma kò lè sọ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ní Yogyakarta, ní ilẹ̀ Jawa, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbé ìka. Tiurma ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, pẹ̀lú Butet, ọmọ ọdún kan, lẹ́yìn rẹ̀. Kí àìsàn tó dé, ìyá náà a máa fi ọbẹ̀ Tiurma, ọmọ Batak, ṣe yẹ̀yẹ́: “Ata ẹ̀yin ará Batak yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi pa mí ni?” Síbẹ̀, a máa fi ìka nu àwo.

Wicak, ọkọ Tiurma, fẹ́ kí ó kó ọmọ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Medan, kí òun wá nọ́ọ̀sì.

“Ìyá ló nílé,” ni Tiurma wí. “Àfi tí wọ́n bá ní kí n lọ.”

“Ó dáa, Ìyá Butet. Jẹ́ ká lọ bi wọ́n.”

Dókítà Sukreni, ọmọ Bali, ló gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn. “Ẹ yọ gbogbo irin ara yín.” Tiurma yọ yẹtí, ó fa òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ títí ó fi bọ́. Òrùka Wicak kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti yọ ọ́ sílé, ni Tiurma rò.

“Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ,” ni dókítà wí. “Ẹ̀rọ òòfà yìí á sì rí i. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí Ìyá máa rò ó pé àwọn ń fi ìda gbígbóná ya bátíìkì. Òkè orí á pọ́n nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa rìn lọ́kàn láti yàrá dé yàrá nínú ilé wọn. Ìsàlẹ̀ á pọ́n. Èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ Jawa.”

Jawa inú ilé ìdáná ni Tiurma gbọ́. Èyí tí ọmọ fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Wicak nìkan ló gbọ́ ọ. Ó fi ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ìyá rẹ̀ fi ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ òòfà.

Ṣé Sumarsih lorúkọ wọn? Òkè pọ́n.

“Yéè, Ìyá mi wà níbẹ̀!” Tiurma bú sẹ́kún.

Ṣé Bali ni wọ́n bí wọn sí? Ìsàlẹ̀ pọ́n.

“Ó dáa,” ni dókítà wí. “Ẹ bi wọ́n báyìí: ṣé wọ́n fẹ́ kí Tiurma máa tọ́jú wọn lọ nínú ilé?”

Wicak sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tiurma gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan léraléra: kesah.

“Kí ni kesah, Bàbá Butet?”

“Kéèyàn máa gbé pọ̀.”

Ẹ̀rọ ń dún gbà-gbà-gbà. Ìsàlẹ̀ pọ́n, ó pọ́n kọjá ti ìṣáájú.

“Mi ò tíì rí ẹni tó kọ nǹkan tó báyìí rí,” ni dókítà wí jẹ́jẹ́.

“Ṣé torí ata mi ni?” ni Tiurma wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn Butet. Ó kọjá lẹ́nu yàrá ìyá náà, kò yà. Kí ló fẹ́ máa kí ẹni tó lé e fún? Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó gbọ́ pé Wicak ti mú obìnrin mìíràn wọlé. Ìyá náà kú lọ́dún yẹn. Tiurma kò lọ síbi ìsìnkú.

Butet ti pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá arúgbó Jawa kan kó wá sí àdúgbò wọn ní Medan. Lọ́jọ́ kan ó dìde lórí ẹní Tiurma, ó tẹrí ba, ó sì fi èdè ọ̀wọ̀ ilé wọn dágbére. Tiurma gbọ́ kesah nínú rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ó túmọ̀ rẹ̀.

“Kúrò ni,” ni ìyá arúgbó náà wí, “bí èèyàn bá fẹ́ bi àgbà pé ‘ṣé kí lágbájá kúrò nílé wa?’, kesah náà ló máa lò.”