Fóònù Tí Kò Gbọ̀n

Obìnrin náà kò jókòó nígbà tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù Theophilus ní Adigbe. Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní Péjú ni orúkọ òun, ó sì béèrè bóyá wákàtí kan lè tó láti tún un ṣe.

Ojú fóònù náà ti là yánnayànna. Ó ń tẹ ara rẹ̀, lẹ́tà ń jáde láìsí ìka tó kàn án. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rì wọlé, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Péjú ní òun kò fẹ́ kó máa dún rárá, kó kàn máa gbọ̀n lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n mọ́.

Theophilus béèrè ohun tó ṣe é.

"Wọ́n fi lu ògiri," ni Péjú wí.

Kò béèrè ẹni tó fi lu ògiri. Ó ti rí ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà, tí ẹ̀yìn ìka rẹ̀ bó, tí ó fi ìborùn wé. Ó ti rí ojú èékánná mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀. Ó fa àga fún un, ó sì ti gbogbo iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Priscilla àbúrò rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹrin láti Ìtòrí ní ọjọ́ Àìkú kan. Theophilus wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò, kò dún, kò gbọ̀n. Nígbà tí ó fi máa débẹ̀, wọ́n ti fi ẹní bo Priscilla ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ odó tí ọkọ rẹ̀ fi lù ú pa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ náà jókòó sábẹ́ igi, ó ń mu omi, ó ń dúró de àwọn ọlọ́pàá. Theophilus kò fọwọ́ kàn án. Títí di òní, kò mọ ohun tó dá òun dúró.

Ó fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná mú àtè inú fóònù náà rọ̀, ó ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sábẹ́ bọ́tìnnì, òun ni kò jẹ́ kó gbéra. Ó fi sípíríìtì nù ún. Mọ́tò kékeré tó ń mú fóònù gbọ̀n ti já kúrò lára wáyà rẹ̀, ó jó o mọ́ ọn padà. Bí ó ti ń fi ojú tuntun sí i, ó béèrè bóyá Péjú bímọ.

Péjú ní méjì ni. Ó ní wọ́n ti kó wọn pa mọ́ láti àná.

Theophilus ní ẹni tó kó wọn pa mọ́ ṣe ohun tó dára. Fóònù mìíràn tàn nínú báàgì Péjú, ó pa á.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Péjú tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù náà. Kò gbà. Ó tẹ òmíràn. Kò gbà. Ó ní ọkàn òun ni kò balẹ̀. Ó dúró, ó ronú, ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ "Ilé" pa mọ́ sórí fóònù ló kọ gbogbo wọn. *Ta ló ní kóo kó wọn lọ? Ibi yòówù kóo sá sí, màá wá ẹ kàn. Kí n tó fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ fún ẹ, màá kọ́kọ́ pa wọ́n.*

Theophilus gba fóònù náà láti dán ojú rẹ̀ wò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó gbọ̀n. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Àlímátù ló kọ ọ̀rọ̀, Theophilus sì kà á fún Péjú tayọ̀tayọ̀: àwọn ọmọ ti jẹun, ìbẹ̀rù wọn sì ti ń lọ, wọ́n wà ní Ìtòkú, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń sá àdìrẹ sí, ilé alájà kan tí gẹ́ètì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Péjú ní kó tún ibi tí ilé náà wà kà. Ó tún un kà.

Ìgbà náà ni Péjú wo òdìkejì ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń tiro láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè nǹkan.

"Òun nìyẹn," ni Péjú wí.

"Ẹ gba ẹ̀yìn," ni Theophilus wí. "Ẹ máa lọ bá àwọn ọmọ yín. Màá dá a dúró."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ó gbọ́ tí ó pe ọlọ́kadà, tí ó ní Ìtòkú ni òun ń lọ.

Ọkùnrin náà wọlé, ó ń mí gúlegúle. Ó rí ojú fóònù tó fọ́ lórí tábìlì, ó nawọ́ sí i, ó ní obìnrin kan... Theophilus kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ọn léjìká. Ọkùnrin náà ṣubú lu káńtà, gíláàsì fọ́ dà lé e lórí. Ó fẹ́ dìde, àpótí tún bà á lápá, egungun dún. Theophilus ju àpótí nù. Ó fẹsẹ̀ gbá a níhà, ó jókòó lé e láyà, ó ń lù ú lẹ́nu títí eyín fi jáde. Ọkùnrin náà kò lù ú padà. Ó kàn ká ara rẹ̀ jọ, ó fi apá tó kù bo orí, bí ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí ó rẹ Theophilus, ó dìde. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó fojú wọn ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé ọ̀kadà náà á ti dé Ìtòkú.

Ọkùnrin náà tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó wọ́ dé ibi ẹsẹ̀ Theophilus, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ni, Àlímátù máa kọ ibi tó bá mi kó àwọn ọmọ mi pa mọ́ sí ránṣẹ́ sórí rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyá wọn kà á."