Orúkọ Tuntun Tí Mo Sọ Bíngò

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀gbà ọrùn ajá kan, ẹ̀rọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ebi bá ń pa ajá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ rẹ̀. "Bíngò! Bíngò!" Ajá Akínbọ̀dé, aládùúgbò wa, nìyẹn. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. A pe Ẹgbẹ́ Aláàánú Ẹranko títí, fọ́tò nìkan ni wọ́n ń wá yà.

Láti kékeré mi la ti ń fi orúkọ ajá bú èèyàn. Mo bá sọ orúkọ tuntun sínú ẹ̀gbà náà. Ló bá ń pariwo dé ọjà: "Ẹgbẹ́-Aláàánú-Ò-Láàánú!"

Ọ̀gá wọn sáré gbé ẹran dé. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ yí orúkọ yìí padà!"

"Nítorí kí ni, ọmọ mi? Ìwọ ṣáà máa bọ́ ọ. Ajá tó bá yó, ẹ̀gbà rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀."