Iná Tó Wọ Mẹ́mọ́rì

Ẹ̀gbọ́n yọ́ wọ yàrá àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì fi kún iná tó ń wọ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń mú kọ̀ǹpútà yára sí i, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, ó lè jó o. Ó ku wákàtí méjì kí ìdíje kọ̀ǹpútà tó yára jù bẹ̀rẹ̀.

Ó ń dá sọ̀rọ̀: "Jẹ́ kí n rí ohun tí wàá fi ṣe fáàrí lónìí."

Ó tún fi kún un. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, òórùn jíjó sì gba gbogbo yàrá.

Àbúrò wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń jó?"

"Kọ̀ǹpútà rẹ ni. Àṣejù rẹ ló pa á."

"Tèmi ti wà níbi ìdíje láti àárọ̀. Tiyín tó jọ ọ́ nìyẹn. Mo gbé e wá síbí láti fi mẹ́mọ́rì tuntun tí mo rà sí i, mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni."