Orúkọ Tí Kọ́kọ́rọ́ Kọ Sára Ìwé Oníwèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

1. Ọkùnrin kan wà tó ń tún fóònù ṣe. Kò sí ohun tí wọ́n tì pa tí kò lè ṣí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò ríran, fóònù ló ń ka ìwé sí i létí. Ó wá ra ìwé orí fóònù tí tíṣà àdúgbò wọn kọ, fóònù ò lè kà á. Wọ́n ti tì í pa kí ẹnikẹ́ni má bàa dà á kọ.

Kọ́kọ́rọ́ lọ bá tíṣà nílé. Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti rà á, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ. Ṣí i fún un. Àmọ́ má pín in o, ìwé yẹn ni mo fi ń jẹun."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

2. Ó ṣí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó súre fún un. Títí dé ibẹ̀, èmi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyìn ẹnì kan ò tó Kọ́kọ́rọ́. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé, "Kọ́kọ́rọ́ ló ṣí i," ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ gbà mí, olè wo ló ń kọ orúkọ sára ẹrù?

3. Kò pẹ́, kò sẹ́ni tó ra ìwé tíṣà mọ́. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà nítòsí fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Kọ́kọ́rọ́ ti di kòkòrò! Ó ti jẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ tán."

Ẹ̀ṣẹ́ ni Kọ́kọ́rọ́ fi dá a lóhùn. Eyín méjì fò yọ. Ó tún ta á nípàá nílẹ̀. "A fowó rà á! Tiwa ni!"

Télọ̀ tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Kì í ṣe ti gbogbo ayé."

4. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò tíṣà, tó jẹ́ wẹ́dà, gbé ọ̀pá irin wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ìwọ lò ń jẹ́ Kọ́kọ́rọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ò rí oúnjẹ jẹ mọ́!" Ó fọ́ gíláàsì, ó fọ́ àwọn fóònù oníbàárà, ó la irin náà mọ́ Kọ́kọ́rọ́ lápá, egungun dún. Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ ìwé lọ́wọ́. Igbe àbúrò rẹ̀ ló gbé e dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá ibi tí ohùn ti ń wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!"

Irin ti gbéra. Orí obìnrin náà ló bà. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde ní etí rẹ̀ méjèèjì.

5. Kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà ní kò ní gbọ́ràn mọ́ láyé. Wẹ́dà wà lẹ́wọ̀n. Láràárọ̀ ni Kọ́kọ́rọ́ máa ń kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú apá tó wọ́, á máa sunkún pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí." Obìnrin náà á fọwọ́ kan omijé ojú Kọ́kọ́rọ́, á ní, "Ta nìyí? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí ẹ bá rà, ẹ lò ó, ẹ sì ran ẹni tí kò lè lò ó lọ́wọ́. Ẹ má fi oúnjẹ ẹlòmíì wá ìyìn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ṣẹ̀, ẹ má fi irin gbẹ̀san. Àṣejù, baba àṣetẹ́.