Kọ̀ǹpútà Ìyá Olùkọ́

Dúró ná. Ìwọ tí o ń fi ojú kan ka èyí, tí o ń fi ojú kejì wá nǹkan mìíràn, fara balẹ̀. Bí o bá ní etí, fi gbọ́.

Ìyá kan wà tí ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì nínú ìjọ rẹ̀. Ìyá Olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni, òun nìkan ló sì ń gbé. Orí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ló ti ń tẹ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀, ògbólógbòó ohun èlò tó ń kùn bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe lọmọ náà ń ṣe ní ìlú kejì.

Kọ̀ǹpútà ìyá kì í gbádùn. Lọ́sẹ̀ yìí, kò ní tàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò dúdú. Ìyá á pe ọmọ, tó bá di Sátidé, ọmọ á wa ọkọ̀ rẹ̀ wá. Tíì á ti gbóná nínú fúláàsì, àga kejì á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọmọ á tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, á bá wáyà kan tó yọ níbi tí wáyà kì í sábà yọ. Ìyá á bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, á máa béèrè ohun tí èyí ń ṣe àti ohun tí tọ̀hún wà fún.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Mo kàn ń bi ọ́ ni, ọkọ mi. Abéèrè kì í ṣìnà."

Kí ọmọ tó di ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ti jẹun, ó ti ròyìn ìyàwó rẹ̀, ó ti fi ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn. Ìyá á gbàdúrà fún un, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú.

Ní Sátidé kan, ọmọ gbé páálí pẹlẹbẹ kan wọlé.

"Màámi, ìyà yìí tó gẹ́ẹ́. Tábílẹ́ẹ̀tì nìyí."

Ìyá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Èyí tó rí pẹlẹbẹ bí àwo? Ibo ni inú rẹ̀ wà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi inú rẹ̀ ṣe? Bíbélì wà níbẹ̀. Ẹ ó máa tẹ ẹ̀kọ́ yín lórí ẹ̀. Ẹ ó máa rí ojú mi nígbà tó bá wù yín. Kí lẹ ń fi òkú ẹrù yẹn ṣe tí èyí ò lè ṣe?"

Ìyá ronú díẹ̀. "Ṣé ó máa ń bàjẹ́?"

"Kì í bàjẹ́."

"Rárá àti rárá?"

"Bó bá tiẹ̀ ṣe ségesège, ibi tí mo bá jókòó sí ni mo ti máa tún un ṣe. N ò tún ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Ọmọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá gbé tábílẹ́ẹ̀tì náà lé itan. "Fi tàtijọ́ sílẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́. Má gbé e lọ."

"Ohun tuntun ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í rọ wáìnì tuntun sínú ògbólógbòó ìgò awọ."

Ọmọ gbé kọ̀ǹpútà náà sí búùtù ọkọ̀.

Bí ọmọ ti wí náà ló rí. Ìka ìyá kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ lórí gíláàsì náà, nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ẹ̀kọ́ ń jáde lásìkò. Ní Sátidé, ọmọ á pè é lórí fídíò.

"Màámi, ṣé kò sí ìyọnu?"

"Kò sí, ọkọ mi. Kò tíì bàjẹ́."

"Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí?"

"O wí bẹ́ẹ̀."

Ìpè náà kì í pẹ́. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ kì í jẹ́ kó wáyé rárá. Ọdún yípo. Àárẹ̀ díẹ̀ mú ìyá, ó sì sùn nínú Olúwa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ń palẹ̀ pálọ̀ mọ́ nígbà tí aránṣọ tó ń gbé ilé kejì wọlé, ó gbá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bùọ̀dá. Ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé ìsinsìnyí kọ́ ló yẹ kí n sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà mi ò tàn mọ́, n ò sì mọ ẹni tí mo máa gbé e fún báyìí."

"Ta lẹ ń gbé e fún tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá Olùkọ́ náà ni," aránṣọ dá a lóhùn, "ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá gbogbo àdúgbò yìí tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n ní ọmọ àwọn ló kọ́ àwọn, tiwọn nìkan ni wọn kì í fọwọ́ kàn, wọ́n ní ó di Sátidé." Ìwọ tí o ti di ẹ̀bùn tìrẹ sínú páálí, tí o fẹ́ fi rán ẹlòmíràn sí ìyá rẹ, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Olúwa, yí padà: ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ, bí o bá sì débẹ̀, jókòó.