Àwo Tó Ní Àwòrán Ọkọ̀ Ojú Omi

Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ilé wa. Nínú agboolé yìí gan-an, ní Ìkìrun, ni Oyèkúnlé, ọmọ àbúrò mi obìnrin, dàgbà sí. Ó mọ gìtá ta, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lè ta gìtá kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ nípa gìtá.

Àlàmú, àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà ni. Kò fọwọ́ kan gìtá rí. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbọ́ àwo orin gìtá àwọn olórin rọ́ọ̀kì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọrin sí, tí gìtá nìkan máa ń ké tí ó sì ń rojọ́ fúnra rẹ̀. Mọ́kànlá ni àwọn àwo náà. Bó bá ti ń fá pákó ni àwo ń yí. Bí ẹnì kan bá bi í pé kí ló ń gbọ́ nínú ariwo tí kò lọ́rọ̀, á ní, “Ẹ jẹ́ kó rojọ́ rẹ̀ tán ná.”

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Oyèkúnlé ti Ìbàdàn dé. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbé orin rẹ̀ jáde, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ fi gìtá ta á fún wa gbọ́. Gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó bá fẹ́ ṣeré níwájú ìdílé yóò júbà, yóò dárúkọ ẹni tí ó ti gbọ́ orin náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oyèkúnlé ní òun kò ní ẹnikẹ́ni í júbà fún, inú orí òun ni orin náà ti wá.

Ó ta á tán, a pàtẹ́wọ́. Àlàmú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ó ní, “Kúnlé, ó dùn. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń gòkè, tó dúró díẹ̀ kó tó já wálẹ̀ yẹn, ó wà nínú àwo mi tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi. Dárúkọ ẹni tó ni ín, ó tán.”

Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín. “Bàbá Káfíńtà, okùn mélòó ló wà lára gìtá?”

“N ò kà á rí.”

“Ẹ ò mọ iye okùn, ẹ wá mọ olè. Ẹ padà sídìí ìṣó yín.”

Àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Mo rí yín.

Mo ní, “Kúnlé, mo mọ ibi tí o ti gbọ́ ọ.”

“Màmá, ẹ fi orin sílẹ̀ fún olórin.”

Ohun tí Kúnlé kò jẹ́ kí n sọ nìyí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlàmú, nítorí kò ní sùn àfi bí àwo ọkọ̀ ojú omi yẹn bá ń yí. Kò jalè. Orin náà wọ inú rẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ó wá rò pé inú òun ló ti hù.

Ní ọjọ́ kejì, Àlàmú kó àwo mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú àpótí, ó sì kàn án pa. Ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́.

Orin Oyèkúnlé jáde. Kò pé oṣù kan tí ẹnì kan tó ní irú àwo àtijọ́ náà fi gbé tirẹ̀ lọ sí rédíò, wọ́n gbé orin méjèèjì sáfẹ́fẹ́ tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n pè é lólè, wọ́n pe orúkọ ìdílé wa mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ kó orin rẹ̀ kúrò lọ́jà.

Ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Àlàmú na òòlù sí i. “Ìṣó mẹ́rìnlá ni. Ìyẹn, mo kà á.”

Oyèkúnlé yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwo tí Àlàmú gbé sórí ẹ̀rọ dé ibi tó ti ń gòkè, Oyèkúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn, bó ti máa ń mì lẹ́yìn mi nígbà tí mo pọ̀n ọ́n. Ó bú sẹ́kún.

Àlàmú ti dárí jì í. Èmi kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tí kò lè ṣe nǹkan lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Títẹ́tí sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fi ẹ̀gàn pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ìta ni yóò ti gbọ́ òtítọ́ tí wọn ì bá rọra sọ fún un nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì tún fẹ́ ṣeré níwájú mi, kó kọ́kọ́ júbà.